Gbèsè iná tí mo bá nínú ilé àkọ́kọ́ tí mo dá gbà ní Leeds

Oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni mo kó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester, tí mo gba fúláàtì oníyàrá kan ní Leeds. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó mú mi wọlé fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ó fi mítà hàn mí nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú dúróà ilé ìdáná ni mo ti rí kọ́kọ́rọ́ kẹta: oníke ni, aláwọ̀ búlúù, ó rí bí ohun ìṣeré ọmọdé. Kíì iná ni, èyí tí wọ́n fi ń ra iná sínú mítà. Ẹni tó kó jáde ló fi í sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì gáàsì.

Inú mi dùn. Mo ní wọ́n ti bá mi ṣe é tán nìyẹn. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní àmì PayPoint lẹ́nu ọ̀nà, mo fi £20 sórí kíì náà, mo padà wálé, mo tì í bọ inú mítà. Ohun tó hàn lójú mítà ni £11 lé díẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi aṣọ nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. £11 náà ni. Mítà ti gbé bíi £9 mì kí n tó tan gílóòbù kan ṣoṣo.

Gbèsè ẹlòmíì ni mo san. Wọ́n ti kọ gbèsè náà sórí mítà, wọ́n ń yọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tọ̀sẹ̀ tí ilé náà fi ṣófo sì ti jókòó dè mí. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn.

"Àbúrò, ta ló ní kí o fọwọ́ kan kíì ẹlẹ́kíì? Kó o tó tú báàgì kankan, mítà ni wàá kọ́kọ́ yà ní fọ́tò. Kó o wá pe àwọn tó ń ta iná fún ilé yẹn, kó o ní ìwọ lo wà níbẹ̀ báyìí."

Mo pè wọ́n. Orin ń dún létí mi fún bí ogójì ìṣẹ́jú kí ẹnì kan tó dáhùn. Wọ́n ní kí n fi ìwé àdéhùn ilé ránṣẹ́, kí n sì ka nọ́ńbà ojú mítà. Wọ́n fi kíì tuntun ránṣẹ́, wọ́n sì dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ilé kì í wà níbí láìní ẹni tó ń ta iná fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ti di oníbàárà ilé iṣẹ́ tí ẹni àná ń lò, ẹ fọwọ́ síwèé o, ẹ ò fọwọ́ síwèé o. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó bá wù yín, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bu owó ìtanràn lé yín. Ayálégbé pàápàá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bó bá ti jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó iná.

Mo ṣàlàyé èyí fún màámi lórí WhatsApp, ó yà wọ́n lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, láti 2013 tí ìjọba ti tà á fún àwọn aládàáni, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo náà ló ni àdúgbò wa, NEPA náà la sì ṣì ń pè é. Wọ́n ní, "Àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ tó o ń sọ yìí, ṣé olúkúlùkù ló ń fa wáyà tirẹ̀ wọlé ni?"

Rárá o. Wáyà kan náà ni, páìpù kan náà. Bí iná bá kú ládùúgbò, 105 lẹ máa pè, ìyẹn àwọn tó ni wáyà, kì í ṣe ẹni tó ń ta iná fún yín. Owó, bíìlì, àti bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù ló mú ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní 2021 àti 2022, bíi 30 nínú wọn ló kógbá wọlé, síbẹ̀ iná ò kú nílé oníbàárà wọn. Ṣe ni Ofgem, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, kó wọn fún ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Ofgem ń kéde price cap, ìyẹn òté tí wọ́n fi lé iye tí wọ́n lè gbà fún iná àti gáàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé gbogbo bíìlì ni wọ́n fi òté lé. Irọ́ ni. Iye yúníìtì kọ̀ọ̀kan àti owó ojoojúmọ́ ni wọn ò gbọ́dọ̀ gbà kọjá òté yẹn. Ẹni tó bá tan hítà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á san án. Nígbà tí mo wọlé, yúníìtì iná ń lọ sí pẹ́ńsì 27, ti gáàsì jẹ́ bíi 7. Ẹ ò wá rí i pé hítà oníná tí mo fi £15 rà, tí mo rò pé mo fi dọ́gbọ́n sí i, òun gan-an ló ń jẹ mí run.

Owó ojoojúmọ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní standing charge, ló wá dùn mí jù. Pẹ́ńsì 53 fún iná, 30 fún gáàsì nígbà yẹn, ẹ tan iná o, ẹ ò tan iná o. Mo lọ sílé fún Kérésì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo pa gbogbo nǹkan, mo yọ fíríìjì pàápàá. Mo dé, ó ti jẹ £17. Màámi pariwo: "Wọ́n gba owó iná lọ́wọ́ ẹni tí ò sí nílé? Àwọn yẹn tún wá burú ju NEPA lọ!"

Torí náà, nígbà tí mo fẹ́ yan ilé iṣẹ́ tèmi ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Iye yúníìtì ti wálẹ̀ sí bíi pẹ́ńsì 24 àti ààbọ̀, inú gbogbo ènìyàn ń dùn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ pé owó ojoojúmọ́ ti iná ti gun òkè lọ sí 60. Ìkànnì tí mo fi ń wo iye wọn ti kọ 2,700 yúníìtì iná àti 11,500 ti gáàsì sílẹ̀ dè mí. Ìwọ̀n ìdílé nìyẹn. Èmi nìkan ni mò ń gbé! Mo pa á rẹ́, mo kọ 1,800 àti 7,500 tí Ofgem fi ń ṣírò ilé tí kì í lò púpọ̀ nígbà yẹn, ni ilé iṣẹ́ tó wà lókè pátápátá bá já sí ipò kẹrin. Yúníìtì rẹ̀ ló pọ́ọ́kú, owó ojoojúmọ́ rẹ̀ ga.

Ìdíwọ́ kan ṣì kù: mítà oníkíì. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ máa san án lóṣooṣù, wọ́n lè yẹ ìtàn bí ẹ ṣe ń san gbèsè wò, èmi tí mo dé láìpẹ́ ò sì ní ìtàn kankan. Ilé iṣẹ́ kan ní kí n fi owó ìdógò sílẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun. Òmíràn gbà mí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn á wá fi smart meter síbẹ̀, ìyẹn mítà tó ń fi iye iná tí mo lò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, mo sì mú àdéhùn oṣù méjìlá tí kò ní owó ìtanràn bí mo bá fẹ́ já a.

Wọ́n ní láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, wọ́n á ti kó mi wá sọ́dọ̀ wọn. Ní alẹ́ tó ṣáájú, mo gbé fóònù sí iná títí ó fi kún, mo gbé làǹtánì oníbátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sì tètè gbé ẹ̀wà kaná kó má bàa bá mi lórí iná. Ilẹ̀ mọ́. Fíríìjì ń kùn bó ṣe máa ń kùn. Mo ṣí fóònù, mo bá ímeèlì kan níbẹ̀ pé láti òru àná ni wọ́n ti ń ta iná fún mi.