Labalábá Tó Fò Ṣáájú Oṣù

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ara iṣẹ́ mi níbẹ̀ sì ni pé kí n máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ ní irú ọjọ́ tí a bá wà sára pátákó yàrá ìjẹun, kí àwọn bàbá àti ìyá wa lè rí ọ̀rọ̀ sọ nídìí tíì. Orin rọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣèwe. Èmi tí mo dàgbà sídìí jùjú àti fújì kò mọ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe bẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Texas, tí wọ́n mọ orin òyìnbó bí ẹní mowó, pé kí wọ́n kó àwọn ọjọ́ pàtàkì ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n kó wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. 7/5/1954: Elvis Presley, ọmọ ọdún 19 tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, kọ orin "That's All Right" sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sun ní Memphis, pẹ̀lú gìtá méjì àti báàsì, láìsí onílù (ẹ wo orin tí kò ní onílù!). 7/5/1969: Rolling Stones ṣeré ọ̀fẹ́ ní Hyde Park fún èrò tó ju 200,000 lọ, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ikú Brian Jones tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Mick Jagger sì tú labalábá funfun sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni 8/16/1977, ọjọ́ tí Elvis kú. Mo wá oṣù kẹrìndínlógún títí, n kò rí i. Mo ní ojú ti ń ṣe Ẹ̀gbọ́n, mo bá fò ó.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, mo ti gé labalábá 40 láti ara bébà funfun, mo ti so wọ́n rọ̀ káàkiri yàrá. Mo fi orin Elvis sí i, mo dúró láàárín, mo sì kéde pé òní gan-an lọ́jọ́ náà pé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi bàbá kan tó jókòó sídìí fèrèsé. Orúkọ wọn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á, nítorí wọ́n tó bí mi lọ́mọ. Dádì ni èmi ń pè wọ́n.

"Ọmọ mi," ni Dádì wí, "mo wà ní Hyde Park lọ́jọ́ náà. Oòrùn pa mí débi pé awọ ọrùn mi bó. Ta ni oòrùn ń pa bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún nílùú yìí?"

Kí n tó dáhùn, ìyá kan gbà á lẹ́nu wọn: "Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni Brian Jones kú. Àbí wọ́n ti ń ṣèrántí rẹ̀ kó tó kú ni?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo sá wọ ilé ìdáná, mo pe Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tí ì mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, 7/5 yẹn, oṣù wo ni?"

"Oṣù Keje ni. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣíwájú ọjọ́. Ṣé torí èyí lo ṣe jí mi?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọjọ́ ló ń ṣíwájú!"

"Ìgbà yẹn, n kò tí ì kúrò nílé."

Mo já àwọn labalábá náà, mo dì wọ́n sínú àpò ọ̀rá, mo sì tì wọ́n bọ abẹ́ àwọn ìwé ọ́fíìsì. Nígbà tí mo fà wọ́n yọ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, apá òmíràn ti ká, òmíràn ti lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, àwọn kan kò tilẹ̀ lórí mọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo so wọ́n rọ̀ bẹ́ẹ̀. Dádì mú ọ̀kan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n sì mi orí.

"O gbà á lọ́tẹ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Púpọ̀ nínú èyí tí Jagger tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ti kú sínú páálí kó tó ṣí i."