Ẹ Ká Ọwọ́ Kò: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Gbíngbin Rhubarb ní Leeds

Gúúsù Leeds, ní ilẹ̀ England, ni mo ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń gbin rhubarb láti ọjọ́ pípẹ́. Ewébẹ̀ tó kan ni rhubarb, ọ̀pá ewé rẹ̀ tó pupa ni wọ́n máa ń fi ṣúgà sè jẹ. Àárín Morley, Rothwell àti Wakefield ni wọ́n ń pè ní Rhubarb Triangle. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jà fún orúkọ ọjà wọn débi pé ní ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i pé rhubarb tí kò bá ti agbègbè náà wá kò gbọdọ̀ jẹ́ Yorkshire Forced Rhubarb, ìyẹn rhubarb Yorkshire tí wọ́n mú hù nínú òkùnkùn. Lórí allotment wa, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n pín sí oko kéékèèké fún àwọn ará àdúgbò láti yá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò ní ìdí kan tàbí méjì, àfi àwa ọmọ Yorùbá. Àwa á gbin ata, a ó gbin ewédú sábẹ́ ọ̀rá, a ó wá máa bá òtútù wọ̀yá ìjà nítorí ohun tí kò fẹ́ òtútù rárá. Èyí tó fẹ́ òtútù wà níwájú wa, a ò tilẹ̀ wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìnkùlé, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ gbìn ín. Ìdí kan ṣoṣo lè máa mú èrè wá fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí pé ó ń ba ti àwọn èèyàn wa jẹ́ kò ju ìwàǹwára lọ: wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ jù, wọ́n á já a jù, wọn ò sì ní jẹ́ kó sinmi.

Bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ rèé. Tí òtútù bá dé, gbogbo ewé rẹ̀ á kú pátápátá, gbòǹgbò nìkan ni yóò kù lábẹ́ ilẹ̀. Òtútù yẹn gan-an ló máa jí i. Láìsí i, kò ní hù dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn ní kí n fi gbòǹgbò kan ránṣẹ́ sí òun. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti fẹ́ rí òtútù fún un?” Wọ́n ní fíríìjì wà. A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tó ṣì ń sùn, ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ má fi hóró irúgbìn bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò ni kí ẹ wá. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń dé, tí omi òjò kì í dá dúró sí, kó sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ oko, nítorí ibẹ̀ ni yóò wà títí, ẹ ò ní fẹ́ kí ọkọ́ máa kàn án lọ́dọọdún. Oúnjẹ rẹ̀ pọ̀, ó lè gba odidi bárò ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ níbí máa ń kó pàǹtírí irun àgùntàn láti ilé iṣẹ́ aṣọ wá dà sóko rhubarb, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹrà, tó sì ń bọ́ ilẹ̀ pẹ́ títí. Tí ẹ bá máa gbìn ju ọ̀kan lọ, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 sáàárín wọn. Ó lè dà bíi pé ó jìnnà jù lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Tí ewé bá yọ tán, ẹ ó rí i pé kò jìnnà.

Ẹ wá gbọ́ o: ojú tí yóò hù, tó máa ń pọ́n díẹ̀, orí ilẹ̀ ni kó ti máa wò yín. Tí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀, omi á jókòó sórí rẹ̀, á sì rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá ń da ìgbẹ́ sí i lọ́dọọdún, ẹ dà á yí i ká, ẹ má dà á lé e lórí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má já ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Ọ̀pá pupa máa yọ, á máa dán, ọwọ́ á máa yún yín. Ewé gbàràmù gbaramu yẹn ló ń kó oúnjẹ oòrùn lọ fún gbòǹgbò, ohun tí ẹ bá já lọ́dún yìí, ẹ ti já a kúrò lára ti ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún kejì, ẹ lè mú díẹ̀ fi tọ́ ọ wò. Ọdún kẹta ni kí ẹ tó máa jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ẹ máa fi ìdajì ọ̀pá sílẹ̀ lórí ìdí rẹ̀ nígbà gbogbo. Tí oṣù Kẹfà bá parí, ẹ ká ọwọ́ kò, kó lè rówó fi pamọ́ de òtútù.

Ẹ má lo ọ̀bẹ. Ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ọ̀pá títí dé ibi tó ti so mọ́ gbòǹgbò, ẹ fi àtàǹpàkò mú inú rẹ̀, ẹ lọ́ ọ díẹ̀, kí ẹ wá fà á. Á dún “pọ́”, á sì yọ tòun ti ìdí rẹ̀ funfun tó rí pẹlẹbẹ. Èyí tí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé máa fi kùkùté sílẹ̀, kùkùté á jẹrà, ìjẹrà yẹn sì lè wọ inú gbòǹgbò. Ọ̀bẹ wúlò fún nǹkan kan ṣáá: tí ẹ bá rí ọ̀pá kan tó nípọn tó ń gbé òdòdó gòkè, ẹ gé e láti ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má baà fa agbára ìdí náà tán. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ẹ bomi rin ín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ewé wá kàn, èyí kò sì gba ẹ̀rín. Ìyá mi wá kí wa, wọ́n dé inú oko, wọ́n rí ewé tó fẹ̀ tó atẹ́. Wọ́n ní, “Àdùkẹ́, o wá ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀fọ́ yìí ṣòfò, tí o ń lọ ra ẹ̀fọ́ inú fírísà lọ́jà?” Kí n tó fèsì, wọ́n ti já mẹ́ta. Mo ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Májèlé ni.” Wọn ò gbà mí gbọ́ títí di ìgbà tí bàbá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi mi orí sí wọn pé, rárá o. Oxalic acid tó wà nínú ewé náà ló léwu. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí oúnjẹ wọ́n, wọ́n gba àwọn ará Britain níyànjú láti jẹ ewé yẹn, àwọn kan sì kú. Bíbọ̀ kò sọ ọ́ di ẹ̀fọ́. Ọ̀pá nìkan ni kó wọ ilé ìdáná. Ewé ń lọ sórí ààtàn, kò ní ba ààtàn jẹ́. Tí màmá tàbí ìyá ọkọ bá fẹ́ wá kí yín, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n tó dé inú ọgbà.

Tí ìdí tiyín bá ti dàgbà, ẹ lè fi òkùnkùn tan án. Ní oṣù Kìíní, ẹ da korobá dúdú tó jìn bò ó, ẹ fi òkúta lé e lórí nítorí atẹ́gùn. Láàárín bí oṣù méjì, ọ̀pá tó yọ nínú rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á rọ̀, kíkan rẹ̀ á sì dín kù. Irú èyí ni wọ́n ń ṣe nínú àwọn ilé gígùn tó wà ní Triangle. Ọdún méjì ni gbòǹgbò máa ń wà nínú oko láìjẹ́ pé wọ́n já a, òtútù á nà án, wọ́n á wá hú u wọ ilé tó gbóná, tó ṣókùnkùn biribiri. Àbẹ́là ni wọ́n máa ń tàn tí wọ́n bá ń kórè, kí ìmọ́lẹ̀ má baà le. Mo ti wọ ọ̀kan rí. Tí gbogbo èèyàn bá dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ bí ìrudi ṣe ń là: tó, tó, tó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá kórè tán, gbòǹgbò yẹn ti gbẹ, wọ́n máa jù ú nù ni. Ẹ̀yin ò ní gbòǹgbò tí ẹ ó máa jù nù, nítorí náà, ìdí tí ẹ bá da korobá bò lọ́dún kan, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún méjì.

Nínú oríṣi tó wà, Timperley Early ni mo fẹ́ràn jù, òun ló ń tètè yọ. Victoria nípọn, ó sì kan jù ú lọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ibí kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó yàtọ̀ sí i.

Ní ti sísè, ṣúgà, atalẹ̀ tí a rẹ́, omi tí kò ju ṣíbí méjì lọ, torí òun fúnra rẹ̀ kún fún omi. Ẹ má sè é nínú ìkòkò alumíní tí ẹ gbé wá láti ilé, torí kíkan rẹ̀ máa ń jẹ ìkòkò, á sì kó sínú oúnjẹ. Èmi máa ń fi ata rodo àti àlùbọ́sà sè é kí ó ki, kí n fi jẹ ẹja yíyan. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn tiwọn pẹ̀lú kọ́sítáàdì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú fírísà ní tútù, kò nílò bíbọ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ẹ hú gbòǹgbò náà ní oṣù Kọkànlá, ẹ fi ṣọ́bìrì là á bí ẹni ń gé èbù iṣu, kí ojú kan ó kéré tán wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà rí tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ náà nìyẹn: tí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ allotment kan lásìkò yẹn, tí ẹ rí ẹni tó ń la gbòǹgbò, ẹ kí i, kí ẹ sì tọrọ. Ó máa ń pọ̀ jù fún wọn. Kí ẹ ṣáà yẹ ègé náà wò kí ẹ tó dúpẹ́, pé ó lójú.