Àwọn orúkọ tí à ń kà fún àwọn ọmọ wa: ilé ẹ̀kọ́ Fort Street ní Sydney

Ní Sydney níbí, kò sí ibi tí àwọn òbí Yorùbá ti máa ń péjọ, ìbáà ṣe ìkómọ ní Blacktown tàbí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀rọ̀ "selective school" kì í jẹ yọ. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ni wọ́n, àmọ́ ìdánwò ni wọ́n fi ń mú ọmọ wọlé. Ọmọ tó wà ní ọdún kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe é: ìwé kíkà, ìṣirò, ọgbọ́n ìrònú àti àròkọ. Tó bá rọ́wọ́ mú, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn olówó pàápàá ń wá, láìsan owó ńlá tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fi èyí sọ́kàn o: ọmọ tó wà lórí físà onígbà díẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ìwé PR yín, ìwé àṣẹ láti máa gbé níbí títí lọ, ti jáde.

Fort Street High School wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dárúkọ jù. Ọdún 1849 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ti bí àwọn èèyàn ńlá. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í yé sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pé, "Olórí ìjọba àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti kàwé o! Ẹ̀yin náà, ẹ jára mọ́ ọn." Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ọmọ mi obìnrin náà ń múra fún ìdánwò ọ̀hún, èmi náà sì ti ka àwọn orúkọ yẹn sí i létí. Ohun tí mo wá rí nígbà tí mo wo iṣẹ́ tí àwọn olórúkọ náà ṣe ló mú mi jókòó kọ èyí. Mo gbà pé tí a ó bá ka orúkọ fọ́mọ, ká sọ ìtàn ẹni náà fún un tán.

Ilé tí ilé ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lórí Observatory Hill, lókè èbúté Sydney. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ni, tí wọ́n kọ́ ní 1815 nígbà ìjọba Gómìnà Macquarie, kó tó di ilé ẹ̀kọ́. Mo mú ọmọ mi lọ wò ó. Àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ ńláńlá tó wà lórí òkè náà ní gbòǹgbò tó yọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè jókòó sáàárín wọn kó má hàn, títì tó gba orí afárá Harbour Bridge sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ariwo ọkọ̀ kì í dá. Ní 1916 ni wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí Petersham, létí Parramatta Road, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí kíláàsì. Àwọn ọmọbìnrin dúró lórí òkè títí di 1975 tí wọ́n fi tún pa wọ́n pọ̀ ní Petersham. Nígbà tí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí fi wà nílé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ olówó. Bàbá Percy Spender ń ṣe àgádágodo, bàbá John Kerr ń kan bọ́ílà, Herbert Vere Evatt sì jẹ́ ọmọ opó.

Olórí ìjọba àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń wí ni Edmund Barton. Ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ gan-an ni wọ́n bí i, ní Glebe níbí. Ó kàwé díẹ̀ ní Fort Street kó tó lọ sí Sydney Grammar. Ó di olórí ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1901, tí àwọn ìpínlẹ̀ parapọ̀ di Ọsirélíà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba rẹ̀ ti ṣe òfin Immigration Restriction Act, òfin tí wọ́n fi ní kí ilẹ̀ yìí jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan. Barton dìde nílé ìgbìmọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé òun ò gbà pé ìdọ́gba tí wọ́n ń sọ pé ọmọ èèyàn ní kan ìdọ́gba ẹ̀yà kan pẹ̀lú òmíràn.

Ẹ wo bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìjọba London ò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin gbangba pé aláwọ̀ dúdú tàbí ará Éṣíà kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí India wà lábẹ́ wọn, wọn ò sì fẹ́ ṣẹ Japan. Nítorí náà, ìdánwò ni wọ́n gbé kalẹ̀. Tí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù yóò pè é jókòó, yóò ka ọ̀rọ̀ 50 sí i létí ní èdè kan láti Yúróòpù, àlejò náà yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ló ń mú èdè. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè fi èdè Jámánì dán an wò. Tó bá gbọ́ Jámánì, òmíràn wà. Wọn kì í gbé ìwé náà fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó wọlé. Ẹni tí wọn ò bá fẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún, kó lè fìdí rẹmi. Títí di 1958 ni ìdánwò yìí fi wà nínú òfin, ó sì di 1973 kí wọ́n tó gbọ́n ìyókù ètò náà dànù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, àwọn kan nínú wa tí à ń gbé níbí ti dáyé nígbà yẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ló tún bí ẹni tó gbá ìdánwò náà lójú. Evatt ọmọ opó yẹn di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ọsirélíà ní 1930, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ní 1934, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Egon Kisch, Júù láti Prague tó ń sọ̀rọ̀ tako Hitler, wá síbí. Ìjọba ní kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ́ láti orí ọkọ̀ ní Melbourne, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ọkọ̀ gbé e dé Sydney, Evatt pàṣẹ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ báyìí ni wọ́n gbé ìdánwò síwájú rẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé onírúurú èdè ló gbọ́, Gaelic ti Scotland ni wọ́n mú! Ọ̀rọ̀ náà padà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, tí Evatt wà lára wọn, ní Gaelic yẹn kì í ṣe èdè tí òfin ní lọ́kàn. Òfin Barton ò kú lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú Labor tí Evatt fúnra rẹ̀ padà sí lẹ́yìn náà ṣì dì í mú. Ṣùgbọ́n ayé ti rí i pé ìrẹ́jẹ ni ìdánwò ọ̀hún.

Evatt yìí náà ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Paris, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 1948, nígbà tí wọ́n dìbò fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Orílẹ̀-èdè 48 ló gbà, kò sí ẹni tó takò ó, 8 ò dìbò. Gúúsù Áfíríkà wà nínú àwọn 8 náà.

Gúúsù Áfíríkà yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Spender, ọmọ alágàádágodo. Òun ni ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague láti 1964 sí 1967. Ethiopia àti Liberia ti gbé Gúúsù Áfíríkà lọ síbẹ̀ láti 1960, nítorí ìyà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ń fi jẹ àwọn èèyàn South West Africa, tí à ń pè ní Namibia lónìí. Wọ́n ṣe ẹjọ́ náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje 1966, adájọ́ méje sọ síhìn-ín, méje sọ sọ́hùn-ún. Tí ìbò bá dọ́gba, ti ààrẹ ló ń yanjú rẹ̀. Ìhà tí Spender wà ló borí: wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kan Ethiopia àti Liberia tó láti gba ìdájọ́ lé e lórí. Wọn ò tilẹ̀ dé orí ìyà tí wọ́n ń jẹ àwọn èèyàn náà. Inú mi bàjẹ́ gan-an nígbà tí mo kà á, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀rọ̀ náà ò parí síbẹ̀, ọmọ Èkó sì wà níbi tó ti yí padà. Taslim Olawale Elias, tó kàwé ní Igbobi College ní Yábàá, ni agbẹjọ́rò àgbà Nàìjíríà nígbà tí ọ̀rọ̀ Namibia tún dé The Hague. Ó dúró níwájú àwọn adájọ́ náà, ó sọ tẹnu Nàìjíríà. Ní 1971 ilé ẹjọ́ ní ìjókòó Gúúsù Áfíríkà ní Namibia kò bófin mu. Elias padà di adájọ́ níbẹ̀ ní 1976, àti láti 1982 sí 1985 òun ló jókòó lórí àga ààrẹ tí Spender ti jókòó sí, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń pè fún ọmọ mi báyìí, kó tó kan ti Barton.

Àwọn ìyókù pọ̀. Kerr, ọmọ oníbọ́ílà, ni Gómìnà Jẹ́nẹ́rà, aṣojú ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, tó lé olórí ìjọba Whitlam kúrò nípò lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá 1975. Garfield Barwick, adájọ́ àgbà tó gbà á nímọ̀ràn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é, Fort Street náà ló ti jáde. Douglas Mawson rìn nínú yìnyín Antarctica, Neville Wran ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ọkàn mi fà sí jù nínú wọn ni Michael Kirby, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ọsirélíà láti 1996 sí 2009, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó tú àṣírí ìyà tí wọ́n ń jẹ àwọn èèyàn ní Àríwá Kòríà. Kò sí ibi tó dé tí kì í ti í sọ ọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni òun lọ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń bá ìjọba wí pé kí wọ́n má fi wọ́n sílẹ̀ láìtọ́jú.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ìdánwò tòde òní kì í ṣe ti Barton, irú ìdánwò kan náà ni gbogbo ọmọ ń ṣe. Àmọ́ owó lẹ́sìnnì ti gun òkè àjà. Àwọn òbí kan ti ń san án láti ìgbà tí ọmọ wà ní kíláàsì kẹta. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, níbo ni yóò ti rí i? Irú ọmọ opó tí Evatt jẹ́ ṣì pọ̀ láàárín wa ní Mount Druitt àti Blacktown.

Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti gbé àpẹẹrẹ ìdánwò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kàn fẹ́ ẹni tó máa jókòó ti ọmọ ni. Àwa kan ti ń sọ ọ́ pé ká gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sátidé. Tíṣà ìṣirò wà láàárín wa, ẹni tó mọ àròkọ wà, àwọn ọmọ tó ti wọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ní àwọn ò ní kọ̀ láti kọ́ àwọn àbúrò wọn. Ẹ̀yin tí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ yín ṣì wà nínú páálí, ẹ má dà á nù, ẹ gbé e wá fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò lówó lẹ́sìnnì, ẹ bá ìyá náà sọ̀rọ̀ kí fọ́ọ̀mù tó parí.