Agbe ló laró, ta ló rí agbe lọ́dún yìí?

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí Dìsẹ́ńbà ti wọlé ni kálukú ti ń ka àṣeyọrí ẹ̀, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó ṣílé, ẹni tó já pa lọ UK, a bá wọn yọ̀ o, àṣeṣetúnṣe. Èmi ò ra nǹkan kan jàre, ẹyẹ àti igi ni mo fi 2025 kọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ibi ìkómọ kan ní Tákíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ti mú mi. Bàbá kan gba máíkì, wọ́n ní agbe ló laró kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn kì í ráhùn osùn, lékelèké ló lẹfun kì í ráhùn ẹfun, gbogbo wa ń pariwo àṣẹ. Mo wá bi àwọn táa jọ jókòó, ta ló ti fojú rí àlùkò rí? Gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Lékelèké nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn náà torí pé ó ń tẹ̀lé màlúù káàkiri. Orúkọ ẹyẹ la fi ń tọrọ owó àtọmọ, igi tí wọ́n ń sùn sí la sì ń gé.

Bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi lọ nìyẹn lábà lọ́nà Ìrẹsàadú, ọdẹ ni wọ́n. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kì í kàn dárúkọ ẹranko lásán, wọ́n ń kì í ni, ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ọ̀bọ pàápàá, kódà èyí tí wọ́n fẹ́ pa jẹ. Mo ní bàbá, kí ló dé? Wọ́n ní ẹni tí èèyàn bá mọ̀ ló ń kì. Ó wọ̀ mí lára gan-an, torí pé nílé wa, tí ìyá mi bá ń ki èèyàn, ẹbí ni yẹn, kò tún sí àlàyé kankan.

Ẹ wá wo ti igún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Nígbà táwa wà ní pámárì, òrùlé odò ẹran máa ń dúdú fún igún ni, a máa ń sọ wọ́n lókùúta, wọn ò ní dáhùn. Lọ́dún yìí mo gba ibẹ̀ kọjá títí, mi ò rí ẹyọ kan, ajá àti eṣinṣin ló kù tó ń palẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Bàbá ní orí ẹ̀ làwọn èèyàn ń wá fún oògùn. Mo wá kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti 2015 ni àjọ IUCN, àwọn tó ń ka iye ẹranko àti igi tó kù láyé, ti fi irú igún tiwa yìí sára àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá láyé, àti pé ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau lọ́dún 2020, igún tó ju 2,000 lọ ni májèlé pa, wọ́n ti gé orí àwọn kan lọ. Àwa tí a ní a kì í pa á!

Ti igi emi tún ń dùn mí. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì 2025 ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má kó hóró emi tí wọn ò tíì sọ di òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, káwọn tó ń ṣe òrí níbí lè rí i rà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ igi emi náà ni wọ́n ń sun léèédú, tírélà ń kó o kọjá lóru láti ọ̀nà Ìgbòho àti Kíṣí. Gáàsì wọ́n, mi ò lè bínú sẹ́ni tó ń fi èédú dáná fọ́mọ, ẹni tó ń di tírélà ni mo ń bínú sí.

Èmi àti bàbá gbin díẹ̀ lójò yìí. Hóró emi ò ṣeé tọ́jú pẹ́ o, tó bá ti gbẹ ó ti kú nìyẹn, bí ẹ bá ṣe ń jẹ ẹ́ tán kí ẹ máa rì í mọ́lẹ̀ ni. Òkété hú díẹ̀ jẹ, díẹ̀ jẹrà, àwọn tó kù ò tíì ju ìka lọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa lò kó tó so, orí mi á ti hewú. Bàbá ní kí n yé kánjú, ta ló gbin èyí témi ń jẹ?

Ọdún tó ń bọ̀, màá kọ́ ìjálá díẹ̀ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó darúgbó jù, ti ẹfọ̀n ni màá kọ́kọ́ kọ́. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ẹni tó bá rí igún níbikíbi lọ́dún yìí, ẹ dákun ẹ sọ ibẹ̀ fún mi, mo fẹ́ mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ó ní Jánúárì kí wọ́n tó wọlé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa á, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ rárá.