Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ HMO

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ adójútòfò ìlera, ọdún méje ni mo fi jókòó ti tẹlifóònù ní HMO kan, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìtọ́jú àwọn tó wà nínú ètò adójútòfò, tó sì ń sanwó fún ọsibítù. Ẹ̀kọ́ tó gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé, kí ẹ tó bi ara yín pé irú dókítà wo nìyí, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí owó ṣe ń dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ń gbà sanwó fún ọsibítù. Capitation ni wọ́n ń pe ọ̀kan: iye kan náà lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀, ara rẹ̀ ìbáà le, ìbáà má le. ₦750 ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò náà, tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Ọ̀nà kejì ni fee-for-service: iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń gbowó lé, HMO ló sì ń fún wọn ní kóòdù àṣẹ kí wọ́n tó ṣe é. Nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo oògùn tí dókítà bá fún aláìsàn ń dín owó tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Nínú ìkejì, gbogbo àyẹ̀wò tó bá fi kún un ń mówó wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lénìyàn rere, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní ₦750 kó fi tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ ríru fún odidi oṣù, láìpẹ́ ni yóò máa sọ pé oògùn ti tán.

Bàbá kan wà, òṣìṣẹ́ ìjọba, tó máa ń pè mí. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọsibítù rẹ̀ ń fún un, wọn á ní kó lọ ra ìyókù. Òfin ní 10% owó oògùn péré ni kó san. Nínú ìwé tiwa, gbogbo nǹkan dára: bíìlì kò wá, wọn kò béèrè kóòdù. Ọ̀gá wa yìn wá pé ìnáwó agbègbè yẹn kéré, èmi náà sì yọ̀. Lọ́dún kejì, ọmọ rẹ̀ ló pè: rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá dúbúlẹ̀. Ohun tí a san níjọ́ yẹn ju owó oògùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ná lórí ẹni tó ń gbé e jókòó, tó ń wẹ̀ ẹ́, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Mo ti bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀ tó ìgbà mẹ́fà, mi ò sì bi í rí pé, "Bàbá, ọjọ́ mélòó ni oògùn yín ń tó?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Láàrin 1971 sí 1982, RAND, iléeṣẹ́ oníwàdìí kan, ṣe ìwádìí ńlá kan lórí adójútòfò ìlera ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n ń sanwó díẹ̀ lápò ara wọn dín ìtọ́jú kù, àmọ́ èyí tó wúlò àtèyí tí kò wúlò ni wọ́n jọ gé. Ọ̀pọ̀ kò fara gbá a. Ti tálákà tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀ ló yàtọ̀, torí pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sàn sí i. Wọ́n fi àwọn kan sínú HMO ní Seattle, wíwọ ọsibítù wọn sì fi nǹkan bí 40% dín. Nítorí náà, mi ò sọ pé gígé ìnáwó burú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń lé abiyamọ kúrò ní ọsibítù kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ní láti dá sí i ní 1996: adójútòfò kò gbọdọ̀ fún un ní ohun tó dín sí wákàtí 48, tàbí 96 fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún.

Bí ìwé agbègbè kan bá dé iwájú yín, tí ìnáwó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ibi yòókù lọ, ẹ mú nọ́ńbà ẹlẹ́jẹ̀ ríru mẹ́wàá níbẹ̀, kí ẹ pè wọ́n. Ìgbà wo ni wọ́n gba oògùn kẹ́yìn? Ọjọ́ mélòó ló tó? Ọdún tí bàbá yẹn ṣubú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mo pè, mẹ́fà ló ń fi owó ara wọn ra oògùn.