Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ilé Ìdáná: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iná Oòrùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ sólà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún Nàìjíríà, kí iná oòrùn lè dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 17.5. Láti ìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Ọ̀dọ́ kan á pè mí pé òun ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná lọ sí abúlé, kí ni kí òun kọ́kọ́ kọ́? Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún wọn: lọ jókòó sí ilé ìdáná. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi, nítorí ó ná mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n.

Abúlé kan láàárín oko kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. A ti gbọ́ ìròyìn Gbamu-Gbamu, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà náà, níbi tí wọ́n ti tan iná oòrùn 85 kìlówáàtì ní ọdún 2018, orí wa sì ń wú pé ó kan tiwa. Àwa mẹ́ta la lọ ṣe ìwádìí. Ọ̀sán la dé. Baálẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé àga sábẹ́ igi, àwọn bàbá jókòó yí wa ká. Gílóòbù mélòó lẹ fẹ́? Ṣé ẹ máa ra fìríìjì? Èló lẹ lè san lóṣù? Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí i. Ta ló máa sọ fún àlejò tó ń gbé iná bọ̀ pé òun ò ní rówó rà á? Nígbà tí à ń padà síbi ọkọ̀ wa, a gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó gáàrí kọjá. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá wà nínú èéfín, omi ń bọ́ lójú wọn. A ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n ní "Ó dàbọ̀," a wọkọ̀, a lọ. A ò bi ẹnì kankan nínú wọn ní ohunkóhun.

Ọjọ́ tí a tan iná náà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láé. Àwọn ọmọdé ń sáré láti abẹ́ gílóòbù kan sí òmíràn. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun tó jẹ́ kójú mi rí i." Mo sunkún. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, nǹkan bí aago mẹ́rin.

Obìnrin kan tó ń lọ ata ló yọ ẹ́ńjìnnì elépo kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó ra ẹ̀rọ oníná 2 HP sí i. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 1,500 wáàtì, a sì rò pé a ní ju bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje iná tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí geerege. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, àmọ́ ínfátà, ẹ̀rọ tó ń yí iná páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì padà sí irú èyí tí ilé ń lò, tó ń bọ́ ẹ̀ka wáyà rẹ̀ ò ju 5 kìlówáàtì, ìyẹn 5,000 wáàtì, lọ. Aago mẹ́rin sì rèé, ìgbà tí gbogbo ilé ń múra ọbẹ̀ alẹ́. Bó bá ti tan ẹ̀rọ, ìdajì abúlé á ṣókùnkùn.

Ọ̀gá wa ní kí ẹnì kan lọ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ iná wa mọ́. Èmi ni wọ́n rán. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá náà gbọ́ mi jálẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ gbé iná wá fún wa ká máa wò ó ni?"

Títí di òní, ìbéèrè yẹn ń dùn mí. Nígbà tí mo délé, mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ilé tó ń tan gílóòbù 5 wáàtì mẹ́ta fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ ò lò ju 75 wáàtì-wákàtí lọ lójúmọ́. Ẹ̀rọ ìlọta 1,500 wáàtì tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin á lo 6,000. Ìyá kan ṣoṣo, ilé 80. Bó bá sì jẹ́ ọ̀sán ló lọ ata rẹ̀, iná yẹn á ti orí páńẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀rọ tààrà láìkọjá nínú bátìrì, bátìrì ló sì ń jẹ owó jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa. Oníbàárà tó lè gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró ni a lọ lé kúrò. Bí a bá ti jókòó tì í ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí a tó ra ínfátà, à bá ti mọ̀.

Ohun tí a padà ṣe ò le. A fi ẹ̀rọ tó ń gba iná láti orí wáyà mẹ́ta (three-phase) rọ́pò èyí tó ń gbà á láti orí wáyà kan, a fi ohun èlò tó ń jẹ́ kó máa gbéra díẹ̀díẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. A tún bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, a sì dín owó iná ọ̀sán kù fún un. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló pẹ́ kí wọ́n tó gbà, torí ata tí wọ́n lọ lọ́sàn-án lè kan kó tó di alẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sè é díẹ̀ fún wọn. Òun ló ronú kan ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi oòrùn Kánò ṣètò fún Ìjẹ̀bú. Lọ́dọ̀ wa, oṣù keje àti ìkẹjọ, kùrukùru lè bo ojú ọ̀run fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àní nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá fi àròpín ọdún ṣe ìṣirò, inú òkùnkùn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa wà ní oṣù kẹjọ. Ẹ tún ṣọ́ ilé bátìrì: bátìrì olójé, bí ibi tó wà bá fi ìwọ̀n Celsius 10 gbóná ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ máa ń dín sí ìdajì. Páànù láìsí àjà lókè rẹ̀, ààrò ni fún bátìrì.

Ọ̀rọ̀ owó náà, ilé ìdáná ló kọ́ mi. A ń béèrè owó ìsopọ̀ ní oṣù kẹfà, ìgbà tí àgbẹ̀ kòkó ń náwó sórí oògùn tí wọ́n ń fọ́n kí èso má baà di dúdú lórí igi. Nǹkan bí oṣù kẹwàá ni owó kòkó gan-an ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. A pe àwọn ènìyàn ní aláìgbọràn nínú ìjábọ̀ wa, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń fún alájọ ní 200 náírà lójoojúmọ́ ò lè fa 6,000 náírà yọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àmọ́ ó lè ra iná 200 náírà lójúmọ́ títí oṣù á fi parí. Owó kan náà ni. Nígbà tí a jẹ́ kí wọ́n máa ra iná díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì, ìsanwó yí padà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ààrò fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ò kà sí iṣẹ́ ẹnjiníà rárá. Èmi náà ò kà á sí tẹ́lẹ̀. Ọdún kejì tí a wà ní abúlé yẹn, ẹgbẹ́ kan kó sítóòfù onígi ìgbàlódé wá, wọ́n ní kò ní jẹ́ kí èéfín pọ̀, kò sì ní í jẹ igi púpọ̀. Ó rẹwà lójú. A pín 40, a ya fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo wo ilé ogún. Mẹ́ta péré ló wà lórí iná. Adìẹ sàba sínú ọ̀kan, inú òmíràn ni wọ́n ń kó ọṣẹ sí.

Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó. Mo wò bí ìyá kan ṣe ń ro àmàlà fún ènìyàn mẹ́jọ. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìkòkò, ó fi gbogbo ara tẹ omorogùn. Sítóòfù wa ì bá ti dojú dé kó tó rò ó dé ìdajì. Àwọn àgbà tó ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹnu sítóòfù náà kéré, ó dìgbà téèyàn bá la igi sí wẹ́wẹ́. Ta ló máa la igi náà? Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè, ó fi àgbàdo tí wọ́n so mọ́ òkè ààrò hàn mí. Èéfín tí à ń lé yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá máa mú èéfín kúrò, ẹ bèèrè ibi tí irúgbìn máa sùn.

Mi ò sọ pé kí a fi èéfín sílẹ̀ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020. Nílé wa níbí, ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 2013 sí 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sola Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé aboyún 324 tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba sítóòfù, ó ju mẹ́fà lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru; láàárín àwọn tó gbà á, kò pé méjì. Ẹni tó bá ti rí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé dé ilé ìwòsàn lóru láti abúlé tí kò lọ́nà mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń ká mi lára pé kí sítóòfù tí a bá gbé wá jẹ́ èyí tí wọ́n máa lò.

Gáàsì ńkọ́? Ó dára, àwọn tó ní agbára rẹ̀ nínú abúlé yẹn fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì jìnnà, owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ ń gorí owó gáàsì, sílíńdà tó kéré jù sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n máa ń fi í sè tíì àti ìrẹsì, wọ́n á padà sórí igi bí ọjọ́ àmàlà bá dé. Ẹ má pe ìyẹn ní ìkùnà. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan tó kúrò lórí igi, èrè ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná mànàmáná. Ìkòkò oníná kan tó ń gba 1,000 wáàtì tó gílóòbù 5 wáàtì igba. Bí ogún ilé bá tan án lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́, gbogbo iṣẹ́ wa á dojú rú. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, tí bátìrì bá ti kún, iná tí páńẹ́ẹ̀lì lè ṣe ń ṣòfò. A wá bá oníẹ̀wà kan tó ń tajà nírọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, a wá ìkòkò oníná tó ń dé pinpin bíi ti prẹ́ṣọ̀ fún un, ó ń se ẹ̀wà rẹ̀ láàárín aago méjìlá sí méjì. Ẹ̀wà wà lára ohun tó ń jẹ igi jù, nítorí ó ń pẹ́ lórí iná. Ti oníẹ̀wà àárọ̀, a ò tíì rí i ṣe: ìdájí ló ń sè é, oòrùn ò tíì yọ.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ wádìí abúlé kan, mo máa ń sùn síbẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà. Mo máa ń jí kí àkùkọ tó kọ. Mi ò béèrè pé èló lẹ máa lè san mọ́. Mo máa ń béèrè pé èló lẹ ná lánàá: kẹrosíìnì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, owó tí ẹ fi gba iná sí fóònù, epo jẹnẹrétọ̀, igi. Àná kì í purọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin inú yín, ẹ mú obìnrin dání, nítorí ilé ìdáná mìíràn wà tí wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọ̀, wọ́n sì jàre.

Mo padà sí abúlé àkọ́kọ́ yẹn ní ọyẹ́ tó kọjá. Àwọn onígàárí ti mọ ààrò alámọ̀ tuntun tó ní ihò èéfín, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti ń ki igi bọ̀ ọ́, èéfín ò sì kọjú sí wọn mọ́. Igi ni síbẹ̀. Iná oòrùn wa ò lè yan gáàrí. Mo bi ìyá tó ṣáájú wọn bóyá ohun kan wà tó kù tí a lè ṣe. Ó ní, "Aago mẹ́rin ìdájí la ń bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù tí ẹ so sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yìn wa ló ń tàn sí. Inú òjìji ara wa la ti ń yan gáàrí."

Ẹnu ọ̀nà ni a kọ sínú fọ́ọ̀mù, èmi ni mo kọ ọ́. Mo yá àkàbà, mo gùn ún fúnra mi, mo so gílóòbù náà sókè agbada. Nígbà tí a tàn án lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ wo etí agbada lápá òsì, níbi tí gáàrí ti ń pupa, ó sì fi àkúfọ́ igbá rẹ̀ gbá a wá sáàárín.