Mo yọ atẹ́gùn nínú táyà gbígbóná, mi ò tún jẹ́ ṣe é mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ọ̀nà Ìlọrin sí Ọ̀fà ni mo ń ná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo dúró ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, ó gbóná janjan. Fọkanáísà ti géèjì bọ̀ ọ́, ó bá 37 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú táyà). Bẹ́ẹ̀, 32 ni mo wọ̀n nílé láàárọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kó yọ ọ́ padà sí 32. Ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, táyà yẹn bẹ́ lẹ́bàá Gánmọ̀, tèrò-tèrò. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì wà lára èrò. Bí mo ṣe ń pààrọ̀ táyà, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibi tó o rò pé ò ń tọ́jú ẹ̀ lo ti bà á jẹ́."

Àlàyé wọn yé mi. Àwọn ẹyọ atẹ́gùn, tí ojú ò lè rí, kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọlu ara táyà. Bí ooru bá mú wọn, eré wọn á pọ̀ sí i, wọ́n á kọlù ú kíkankíkan. Bàlúù ọmọdé tá a gbé sóòrùn á wú, torí ara rẹ̀ ń nà. Táyà kì í nà bẹ́ẹ̀, nítorí náà agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í ló ń pọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́ńpù kẹ̀kẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí àyè inú rẹ̀ á fi ku ìdajì: tí ooru ò bá yí padà, agbára yẹn á di ìlọ́po méjì. Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti tẹ èyí jáde látọdún 1662.

Ìṣirò rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Táyà tó jẹ́ 32 ní ìwọ̀n Celsius 20, bó bá gbóná dé 50, á sún mọ́ 37, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi atẹ́gùn kún un. Èyí tí mo wá dín kù sí 32 nínú ooru, tó bá tutù lówùúrọ̀, 28 péré ló kù. (Ẹ má ṣírò láti òdo tẹmómítà o: 273 nísàlẹ̀ òdo ni kíka ooru atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bíi 15 kún ohun tí géèjì kà, nítorí agbára atẹ́gùn ayé tí géèjì kì í kà mọ́ ọn.)

Táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ká, ó ń nà bó ṣe ń yí, ìyẹn ló ń mú un gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí okùn inú rẹ̀ fi já. Ooru tí mo ń sá fún gan-an ni mo fọwọ́ ara mi pè.

Ní báyìí, kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ ni mo ń wọn táyà, tàbí tí ọkọ̀ bá ti sinmi tó wákàtí mẹ́ta. Iye tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé. Tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń tún un wọ̀n, torí òtútù ń fa nọ́ńbà yẹn walẹ̀. Tí ẹ bá dúró níbì kan lọ́sàn-án, tí géèjì sì ní ó ti lé díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.